ÒFÌFO KÁTÍRÍÌJÌ KÌ Í ṢE ÌPÀǸTÍ: Èrè àti àdánù àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn kì í ní Amẹ́ríkà

  

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, kò sí ẹni tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò láàrin wa tí kò mọ iyì òfìfo ìgò. Bí oníbàárà bá mu tán, ìgò ni ìyá ọlọ́jà kọ́kọ́ ń wò. Bí kò bá rí ìgò dá padà nígbà tó bá fẹ́ ra òmíràn, owó ìgò yóò jẹ èrè orí ọtí mọ́lẹ̀. Ohun tó wà nínú ìgò ti tán, ṣùgbọ́n ìgò kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òfìfo náà ni a gbé wá lóṣù yìí, àmọ́ kì í ṣe òfìfo ìgò. Òfìfo kátíríìjì ìbọn ni, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ sì wà. Bí ẹ bá dé pápá tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ti ń yin ìbọn sí àmì láti fi dánra wò, ẹ ó rí àwọn àgbàlagbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń ṣa idẹ kéékèèké sínú ike bí ẹni ń ṣa ẹ̀pà. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ìpàǹtí ni wọ́n ń gbá. Rárá o. Owó ni wọ́n ń ṣà. Bí wọ́n bá délé, wọn yóò tún òfìfo náà kì, yóò sì tún di kátíríìjì tó pé.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdẹ àti àwọn tó ń fi ìbọn ta ìdíje ló ń ṣe é níbẹ̀. Tí ẹ bá bi wọ́n léèrè ìdí, ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé ó dín owó kù. Ṣé òótọ́ ni? Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyẹn.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká là á yéra. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà níbí, òfin ìbọn tó ti wà láti ọdún 1959 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣe ìbọn tàbí ọta fúnra rẹ̀, àfi níbi tí ìjọba bá fọwọ́ sí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìwé ẹgbẹ́ ló ní kí òun lọ dán an wò. Ìṣirò owó tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ̀kọ́ tiwa.

OHUN MẸ́RIN TÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀

Ìbọn ìbílẹ̀ tí àwọn ọdẹ wa ń pè ní ṣakabùlà, ẹnu ni wọ́n ti ń kì í. Wọn á da ẹ̀tù sí i, wọn á fi ọta sí i, wọn á fi irin gún un mọ́lẹ̀. Bó bá ti dún, ó tán; wọn á tún bẹ̀rẹ̀. Kátíríìjì yàtọ̀ sí èyí. Gbogbo ohun tí ìbọn nílò ni wọ́n ti dì sínú ẹyọ kan.

Ohun mẹ́rin ló para pọ̀ di ẹyọ náà. Èkíní ni ìkarahun, tí wọ́n fi idẹ ṣe. Èkejì ni práímà, ìyẹn fìlà kékeré tó wà ní ìdí ìkarahun, tí irin ìbọn máa ń gbá tí iná fi máa ń ṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀tù. Ẹ̀kẹrin ni ọta gan-an, tó sábà máa ń jẹ́ òjé tí wọ́n fi bàbà bò lára.

Nígbà tí ìbọn bá dún, práímà ti jó, ẹ̀tù ti jó, ọta ti lọ. Mẹ́ta ti lọ, ọ̀kan ló ṣẹ́kù. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀kan tó ṣẹ́kù yìí ló sì sábà máa ń wọ́n jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ìgò náà ni?

Iṣẹ́ tó wà nínú títún un kì kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ìfarabalẹ̀. Wọn á fọ ìkarahun mọ́. Nítorí pé agbára iná ti fẹ̀ ẹ́ lára, wọn á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ padà sí ìwọ̀n tó yẹ, wọn á sì ti práímà àtijọ́ kúrò. Wọn á fi tuntun sí i, wọn á wọn ẹ̀tù, wọn á dà á sí i, wọn á wá fi ọta dé e lẹ́nu. Ìkarahun ìbọn ọdẹ máa ń gùn sí i bí wọ́n ti ń yìn ín, nítorí náà wọ́n ní láti máa gé ẹnu rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹnu ìkarahun bá sán, tàbí tí ilà tó ń dán bá yọ yí i ká nítòsí ìdí, ọjọ́ náà ni iṣẹ́ rẹ̀ parí.

Kì í ṣe gbogbo òfìfo náà ló ṣeé lò. Èyí tí wọ́n fi irin lásán tàbí alumíníọ̀mù ṣe, wọn kì í sábà tún un kì. Nínú ti idẹ pàápàá, ẹ̀yà méjì ló wà. Ní ọdún 1866, ará Amẹ́ríkà kan, Hiram Berdan, ṣe ẹ̀yà kan tí ihò kéékèèké méjì wà nínú ìdí rẹ̀. Lọ́dún kan náà, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Edward Boxer, ṣe èyí tó ní ihò kan ṣoṣo láàrin. Ti Boxer rọrùn láti ti práímà kúrò nínú rẹ̀, ti Berdan sì nira. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ti ará Gẹ̀ẹ́sì ni Amẹ́ríkà gbà, ti ará Amẹ́ríkà sì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní Yúróòpù gbà. Ihò kan ṣoṣo yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ yìí tàn kálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

IBI TÍ Ó TI BẸ̀RẸ̀

Àìní ló kọ́ wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1870 sí 1880, àwọn ọdẹ tó ń pa ẹfọ̀n ní pápá ńlá Amẹ́ríkà jìnnà sí ìlú. Wọ́n lè wà nínú pápá fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó rí ìsọ̀ tí wọ́n ti lè ra nǹkan. Òjé, ẹ̀tù àti práímà ni wọ́n ń kó sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù. Lálẹ́, lẹ́bàá iná, wọn á yọ́ òjé, wọn á sì kì ìkarahun tí wọ́n yìn lọ́sàn-án. Ní ọdún 1884, John Barlow dá ilé iṣẹ́ Ideal sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ó ń ṣe irinṣẹ́ àfọwọ́dì bí ẹ̀mú fún iṣẹ́ náà.

Ogun Àgbáyé Kejì ló sọ ọ́ di ńlá. Lákòókò ogun, ọta wọ́n fún àwọn tí kì í ṣe ológun. Fred Huntington ní ìlú Oroville, ní California, ń lo òfìfo kátíríìjì kékeré tí àwọn ènìyàn ń jù nù láti fi ṣe awọ ọta. Láti inú irinṣẹ́ tó fi ń ṣe é ni ilé iṣẹ́ RCBS ti jáde ní 1943. Nígbà tí ogun parí ní 1945, ẹ̀tù tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ìjọba pọ̀ jọjọ. Bruce Hodgdon ní ìpínlẹ̀ Kansas ra nínú rẹ̀, ó sì ń tà á lówó pọ́ọ́kú fún àwọn tó ń kì í nílé. Ilé iṣẹ́ Hodgdon tó ti ibẹ̀ dìde ṣì ń ta ẹ̀tù títí di òní. Ẹ kíyè sí i: ẹni tó ń wo ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ogun ló rí ọjà.

Síbẹ̀, irinṣẹ́ ṣì wọ́n fún tálákà. Ní 1958 ni Richard Lee ní ìpínlẹ̀ Wisconsin gbé irinṣẹ́ kékeré kan jáde tí kò gba tábìlì, tí kò gba ẹ̀rọ ńlá. Òòlù onígi tàbí onírọ́bà ni wọ́n fi ń lù ú. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò lówó púpọ̀ náà lè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ RẸ̀

Owó tí a kò kà kì í pé. Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin kan tó ní ìbọn ọdẹ. Iye tí a máa lò yìí, àpẹẹrẹ ni, torí pé owó ọjà kì í dúró lójú kan.

Ká ní páálí kátíríìjì 20 láti ilé iṣẹ́ jẹ́ dọ́là 40. Ẹyọ kan di dọ́là 2. Tí ó bá fẹ́ kì í fúnra rẹ̀ ńkọ́? Gréènì ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù, gréènì 7,000 ló sì wà nínú páùn kan. Ká ní ẹyọ kan ń gba gréènì 40, páùn kan yóò kì 175. Bí páùn kan bá jẹ́ dọ́là 45, ẹ̀tù ẹyọ kan jẹ́ nǹkan bí sẹ́ǹtì 26. Ká ní práímà jẹ́ sẹ́ǹtì 8, kí ọta jẹ́ sẹ́ǹtì 45. Ìkarahun tuntun jẹ́ sẹ́ǹtì 60, ṣùgbọ́n tó bá lò ó nígbà 6, sẹ́ǹtì 10 ló kan ìgbà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ sẹ́ǹtì 89. Ó ti yọ dọ́là 1 àti sẹ́ǹtì 11 lórí ẹyọ kan.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Owó irinṣẹ́ ńkọ́? Ká ní ẹ̀rọ ìtẹ̀, òṣùwọ̀n àti àwọn yòókù gbà á ní dọ́là 400. Ó di ìgbà tó bá kì tó 361 kí owó irinṣẹ́ tó padà wọlé. Bí ó bá ń yìn 50 lóṣù, oṣù kẹjọ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọdẹ tó ń yìn 100 péré lọ́dún, yóò ju ọdún 3 àbọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹni kejì, tó ń yin ìbọn ìléwọ́ kékeré. Kátíríìjì tirẹ̀ ni gbogbo ayé ń rà, ilé iṣẹ́ sì ń ṣe é lọ́pọ̀ yanturu. Ká ní 50 jẹ́ dọ́là 13. Ẹyọ kan jẹ́ sẹ́ǹtì 26. Tó bá kì í fúnra rẹ̀, ẹ̀tù tó ń gbà kò ju gréènì 5 lọ, ìyẹn sẹ́ǹtì 3. Práímà sẹ́ǹtì 8, ọta sẹ́ǹtì 10. Ìkarahun, ilẹ̀ ló ti ṣà á. Àpapọ̀ jẹ́ sẹ́ǹtì 21. Sẹ́ǹtì 5 péré ló yọ! Kí dọ́là 400 tó padà, yóò kì tó 8,000.

Tí wọ́n bá jókòó sídìí iṣẹ́ fún wákàtí kan, tí oníkálukú sì kì 50, ẹni àkọ́kọ́ yọ dọ́là 55 àti sẹ́ǹtì 50. Ẹni kejì yọ dọ́là 2 àbọ̀. Iṣẹ́ kan náà, irinṣẹ́ kan náà, àmọ́ èrè kò dọ́gba. Ohun tó wọ́n lọ́jà ni èrè ńlá wà nínú fífi ọwọ́ ẹni ṣe. Ohun tí ilé iṣẹ́ ń ṣe lọ́pọ̀ tí ó sì pọ́ọ́kú, ọwọ́ ẹni kì í fi bẹ́ẹ̀ bá a dije.

IBI TÍ OWÓ Ń GBÀ JÁDE

Ọ̀rọ̀ àwàdà kan wà tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń sọ sí ara wọn. Wọ́n ní ẹni tó ń kì í fúnra rẹ̀ kì í dín owó kù. Ńṣe ló ń yìn púpọ̀ sí i. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ wà níbẹ̀.

Ẹ padà sí ọkùnrin àkọ́kọ́ yẹn. Nígbà tó ń rà á lọ́jà, ká ní 100 ló ń yìn lóṣù. Dọ́là 200 ló ń ná. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í fúnra rẹ̀, ó ní, “Ṣebí sẹ́ǹtì 89 péré ni!” Ó wá ń yìn 250 lóṣù. Ẹ ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀: dọ́là 222 àti sẹ́ǹtì 50. Ẹyọ kan ti pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n owó tó ń jáde nílé ti pọ̀ sí i. Bí ó bá wá fẹ́ràn irinṣẹ́, tí ó ń ra òṣùwọ̀n tuntun lónìí, tí ó ń ra ẹ̀rọ tó yá jù lọ́la, ibo ni èrè máa fẹsẹ̀ sí?

A kò sọ pé ó burú. Ẹni tó ń ta ìdíje, ó lè jẹ́ ìdánrawò púpọ̀ gan-an ló ń wá, kí ọta rẹ̀ sì máa lọ síbi tó fẹ́, torí pé ẹni tó ń kì í fúnra rẹ̀ lè ṣe é kó bá ìbọn rẹ̀ mu. Ìgbádùn ni, owó ìgbádùn ló sì yẹ kó pè é. Ohun tí kò dára ni kí ènìyàn máa gbádùn, kó máa sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ń tọ́jú owó.

ỌJỌ́ TÍ PRÁÍMÀ WỌ́N

Ohun kejì tí àwọn kan ń sọ ni pé ẹni tó ń kì í fúnra rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ọjà. Ọjà ti fi yé wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2013, àti láti 2020 wọ 2021 nígbà àrùn kòrónà, ọta wọ́n gógó ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ti ra ẹ̀tù àti práímà sílẹ̀ ṣáájú rí nǹkan yìn. Ẹni tí kò ní, ìkarahun ẹgbẹ̀rún tó kó jọ kò wúlò fún un, nítorí práímà kò sí lórí igbá. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe práímà ní Amẹ́ríkà kò pọ̀, kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn ń ṣe nílé. Ohun mẹ́ta wà lọ́wọ́ rẹ, ẹ̀kẹrin wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn: ọ̀gá rẹ ni ẹlòmíràn náà.

Níbi tí ìwà àjùmọ̀ṣe ti wọ ọ̀rọ̀ wọn nìyí. Ẹ̀tù àti práímà jẹ́ ẹrù eléwu, nítorí náà ẹni tó bá ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun máa ń san owó pàtàkì lórí ẹrù náà, ì báà kéré, ì báà pọ̀. Ká ní owó ewu yìí jẹ́ dọ́là 30. Ẹni tó dá ra páùn kan ní dọ́là 45 ti san 75. Ẹ̀tù ẹyọ kan ti kúrò ní sẹ́ǹtì 26, ó di 43. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn 6 bá fi orúkọ ẹnì kan rà á pọ̀, dọ́là 5 ló kan oníkálukú, ẹ̀tù ẹyọ kan kò sì ju sẹ́ǹtì 29 lọ. Nítorí èyí, àwọn ọ̀rẹ́ máa ń kó owó jọ rà á, àwọn míràn sì máa ń yá ara wọn ní irinṣẹ́. Wọn kò pè é ní alájẹṣẹ́kù, àmọ́ òun náà ni.

EWU ÀTI ÒFIN

Iná ni ẹ̀tù, kì í ṣe ohun eré. Àṣìṣe tó burú jù ni kí ènìyàn da ẹ̀tù lẹ́ẹ̀mejì sínú ìkarahun kan, nítorí ìbọn lè bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí kò bá sí ẹ̀tù nínú òmíràn rárá, ọta lè há sínú ọ̀pá ìbọn, kí èyí tó tẹ̀ lé e sì ba ìbọn jẹ́, kó ṣe ẹni tó yìn ín léṣe. Nítorí náà, ìwé ìlànà tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹ̀ jáde ni wọ́n ń tẹ̀ lé, kì í ṣe àgbọ́sọ. Ẹ̀tù oríṣi kan ṣoṣo ló ń wà lórí tábìlì, wọn kì í mu sìgá nítòsí, wọn kì í sì í jẹun níbẹ̀. Wọ́n ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́, torí pé májèlé ni òjé. Ìlànà ìdènà iná tí wọ́n ń pè ní NFPA 495 sọ pé kí ẹ̀tù tó wà nínú ilé gbígbé má ju páùn 20 lọ láìní àpótí pàtàkì, inú agolo tó bá wá ni kó sì wà. Kí práímà má ju 10,000 lọ.

Ní ti òfin, òfin ìbọn Amẹ́ríkà ti 1968 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ máa ṣe ọta fún títà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ẹni tó ń kì í fún ìlò ara rẹ̀ kò nílò ìwé àṣẹ yẹn.

ÈYÍ TÓ KÀN WÁ

Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ tán. Púpọ̀ nínú wa ń ronú láti fi ọwọ́ ara wa ṣe ohun tí à ń rà: ẹlòmíràn fẹ́ ra ẹ̀rọ kó máa lọ oúnjẹ adìyẹ fúnra rẹ̀, ẹlòmíràn fẹ́ máa po ọṣẹ, ẹlòmíràn fẹ́ ra ẹ̀rọ ìlọta. Kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù owó yíyá, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin tí àwọn tó ń kì ọta ti fi owó kọ́. Mélòó ni mo máa ṣe kí owó irinṣẹ́ tó padà? Èwo nínú èròjà rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí iṣẹ́ mi máa dúró bí ẹni náà kò bá tà? Ṣé n kò ní máa lò jù nítorí pé ó pọ́ọ́kú? Owó tó bá yọ, ibo ni mò ń gbé e sí?

Ìbéèrè kẹrin yìí ni òpin gbogbo rẹ̀. Orúkọ wa ti dáhùn rẹ̀: a jẹ, ó sì ṣẹ́kù. Ọkùnrin tó ń ṣa idẹ nílẹ̀ gbọ́n, ṣùgbọ́n bí dọ́là 1 àti sẹ́ǹtì 11 tó yọ kò bá wọ inú ìwé ìfowópamọ́, ìkarahun nìkan ló ṣẹ́kù fún un. Èyí tó bá yọ fún yín lóṣù yìí, ẹ mú un wá fún akápò lọ́jọ́ ìpàdé, kó kọ ọ́ sínú ìwé yín.

A ó pàdé lóṣù tó ń bọ̀. Ire o.